Ibùsùn Tí Ó Yẹ Òjòlá

Àwọn àgbà a máa wí pé bí a bá ṣe tẹ́ ẹní ẹni ni a ó ṣe sùn lé e. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ ènìyàn tí ó ní ọwọ́ láti fi tẹ́ ẹní. Ṣùgbọ́n ẹranko tí a tì mọ́ inú àpótí kò lè tẹ́ ẹní fún ara rẹ̀; orí èyí tí a bá tẹ́ fún un ni yóò sùn, ìbáà rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìbáà pa á. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ẹni tí kò bá lè pèsè ibùsùn tí ó yẹ fún ejò, kí ó fi í sílẹ̀ nínú igbó.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yà yín lẹ́nu, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Lóòótọ́, igi ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń wá kiri bí a bá rí ejò. Síbẹ̀, ejò wà nínú ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1948 láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ nípa ẹranko. Lọ́dọọdún sì ni a ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún òjòlá láti Benin, Togo àti Gánà lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń sìn wọ́n nínú ilé. Irú òjòlá tí mo ń sọ yìí kò ní oró; kì í sábà gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ; bí ẹ̀rù bá sì bà á, a ká ara rẹ̀ jọ ròbótó bí bọ́ọ̀lù, a fi orí pamọ́ sáàárín.

Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣe olùkọ́ rí, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin mú ọ̀kan wá láti oko ẹ̀gẹ́. A kan àpótí fún un. Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ ibùsùn, èmi ni mo ní kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́sìn adìyẹ ní Alákìá, kí wọ́n bu èérún pákó wá. Kò wọ́n, kò jìnnà, ó sì dára lójú. Kò pé oṣù méjì tí òjòlá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí la ẹnu mí, tí itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Kí oníṣègùn ẹranko tó dé, ó ti kú. Oníṣègùn náà bu èérún pákó sọ́wọ́, ó fẹ́ ẹ, eruku sì sọ lálá. Ó ní, "Tíṣà, ibùsùn adìyẹ ni ẹ tẹ́ fún ejò." Ojú tì mí.

Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Adìyẹ ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń dúró, imú rẹ̀ sì ga kúrò nílẹ̀. Ejò kò ní ẹsẹ̀. Àyà rẹ̀ ni ó fi ń wọ́, àyà náà ni ó fi ń sùn, imú rẹ̀ kì í sì í jìnnà sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Eruku tí adìyẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ejò ń fà símú, kò sì lè wúkọ́ bí tiwa láti lé e jáde. Yàtọ̀ sí èyí, a kì í mọ igi tí èérún náà ti wá. Ní ilé ìlagi, ìrókò, apá, ọmọ àti afàrà ni a ń là pọ̀. Àwọn tí ń la ìrókò pàápàá a máa sín, ara a sì máa yún wọn nítorí eruku rẹ̀. Iyanrìn ńkọ́? Òun náà kò yẹ, nítorí a máa bá oúnjẹ wọ ejò nínú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibùsùn tí ó yẹ òjòlá, kí ó wo ibi tí òjòlá yàn fún ara rẹ̀. Lọ́sàn-án, inú ihò eku àti òkìtì ikán ni ó máa ń sá sí. Alẹ́ ni ó ń jáde wá eku jẹ. Inú ihò bẹ́ẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì ní ọ̀rinrin díẹ̀, àní nígbà ọyẹ́. Ọ̀rinrin yìí ni ó ń jẹ́ kí ejò lè bọ́ awọ rẹ̀ lódindi. Bí ibùsùn bá gbẹ jù, awọ a ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, òmíràn a sì lẹ̀ mọ́ ojú. Bí ó bá sì rin jù, ikùn ejò a lé roro, a sì máa jẹrà.

Ní tèmi, fọ́nrán èèpo àgbọn tí a pò mọ́ ewé gbígbẹ ni ó dára jù. Kí a sá ewé náà sí oòrùn gangan kí èèrà lè kúrò nínú rẹ̀. Kí a má ṣe ṣà á nínú oko kòkó tí a ti fín oògùn sí, nítorí oògùn tí ń pa kòkòrò lè pa ejò pẹ̀lú. Kí a tẹ́ ẹ nípọn tó ìka mẹ́rin, kí a sì wọ́n omi sí i níwọ̀n tí ó jẹ́ pé bí a bá fún un lọ́wọ́, kò ní kán sílẹ̀. Kí a da àpáàdì bolẹ̀ sí apá kan, kí ejò lè rí ibi sá pamọ́ sí. Kí a kó ìgbẹ́ rẹ̀ ní kété tí a bá rí i, kí a sì máa pààrọ̀ gbogbo ibùsùn náà lóṣooṣù. Fún ejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tàbí tí ara rẹ̀ kò dá, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kí a kọ́kọ́ tẹ́, nítorí a ó tètè rí kòkòrò àti ìgbẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kì í mú ọ̀rinrin dúró pẹ́.

Àwọn kan yóò wí pé, "Ejò lásán-làsàn! Ṣé kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ó ń sùn nínú igbó?" Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nínú igbó, bí ibì kan kò bá bá a lára mu, a ṣí lọ sí ibòmíràn. Ní ìlú Ouidah ní Benin, níbi tí ilé òrìṣà àwọn òjòlá ti dojú kọ ilé ìjọsìn ńlá ti àwọn Àgùdà, a máa ń tú wọn sílẹ̀ lálẹ́ kí wọ́n lè wá oúnjẹ. Ẹni tí ó bá sì bá ọ̀kan nínú ilé rẹ̀ kì í pa á, ńṣe ni yóò dá a padà. Òjòlá tí a tú sílẹ̀ lè wá ibi tí ó tutù fún ara rẹ̀. Èyí tí a tì mọ́ inú àpótí kò ní ibòmíràn. Láti ọjọ́ tí a ti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni ohun tí igbó ń ṣe fún un ti di gbèsè lọ́rùn wa.

Bí a bá gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ nípa ejò, ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó ní ọgbà ẹranko. Bí ẹ bá sì fẹ́ sìn ín dandan, ẹ pèsè ibùsùn kí ẹ tó wá ejò. Ohun tí ó rọrùn fún wa ni àwa tẹ́. Òjòlá ni ó jìyà rẹ̀.