KÒTÒ LÓ GBÉ MI ṢUBÚ, KÌ Í ṢE ORIN

Ẹ ṣeun tí ẹ̀ ń gbàdúrà lórí ẹsẹ̀ mi. Ó ti ń rọ̀, mo ti lè fi tẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ lónìí, ó sì lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú. Ẹ ṣáà kà á parí kẹ́ ẹ tó bínú.

Púpọ̀ yín ti gbọ́ pé mo ṣubú ní ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ẹtì. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú, mo bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Marwa, mo ń lọ síbi tí màá ti wọkọ̀ padà sí Ayépé. Omi ti bo gọ́tà mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé wọ́n ti gbé ọ̀kan nínú àwọn ìdérí rẹ̀ kúrò. Àfi gbàù! Ẹsẹ̀ mi wọlé dé orúnkún. Àwọn ọlọ́kadà méjì ló fà mí jáde, tí wọ́n gbé mi lọ sọ́sibítù. Wọn ò bi mí pé orin wo ni mò ń gbọ́.

Àwa ará ìjọ ló bi mí. Mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo rò pé ẹ máa rẹ́rìn-ín ni. Mo ní orin Paul McCartney ló wà létí mi. Kó tó di àárọ̀, WhatsApp mi ti kún. “Pásítọ̀, orin ayé ló ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá.” Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí mo bọ̀wọ̀ fún tiẹ̀ ká ohùn rẹ̀ ránṣẹ́, ó ní kí n fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀ ìrònúpìwàdà.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn orin náà fún yín. Paul yìí kì í ṣe àpọ́sítélì o! Band on the Run lorúkọ àwo náà. Bùrọ̀dá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù Àpápá ló ní i nílé nígbà tí mo wà ní kékeré, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Àpápá náà ni wọ́n sì ti ká èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ní sítúdíò EMI, lọ́dún 1973. Méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin náà fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Paul, Linda ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine nìkan ló kù láti kọrin. Paul fúnra rẹ̀ ló jókòó ti ìlù.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, tọkọtaya yìí ń fẹsẹ̀ rìn ní ìgboro Èkó. Mọ́tò kan dúró, àwọn ọkùnrin bọ́ sílẹ̀, wọ́n yọ ọ̀bẹ sí wọn. Wọ́n gba ẹrù ọwọ́ wọn, títí kan kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká orin tuntun sí àti ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin sí. Àfi kí Paul rántí orin náà látinú orí. Láàárín kan náà, Fela fẹ̀sùn kàn wọ́n pé orin aláwọ̀ dúdú ni wọ́n wá jí kó. Paul pè é wá sí sítúdíò pé kó wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́, Fela sì rí i pé kò sóhun tí wọ́n jí.

Ẹ wo nǹkan! Ẹni tí wọ́n jà lólè ni wọ́n tún ń pè lólè. Ohun tí mò ń bá yín sọ gan-an nìyẹn. Ẹni tó ṣubú làwa náà máa ń dá lẹ́bi.

Ká ní àwa la wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn, à bá ti sọ pé olè yẹn ni àmì, orin yẹn ò dáa, kí wọ́n kó ẹrù wọn padà sílé. Wọn ò lọ. Ìparí ọdún náà ni àwo yẹn jáde. Nígbà tó di 1974, òun ló wà nípò kìíní ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Bí olè bá jẹ́ ìdájọ́, ṣé títà tó tà náà wá jẹ́ ìbùkún ni? Ẹ ò lè mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀.

Ẹ ṣí Lúùkù orí 13. Ilé ìṣọ́ Sílóámù wó lu èèyàn 18, wọ́n kú. Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ló pọ̀ jù. Jésù ní rárá, ó ní kí olúkúlùkù lọ tún ọ̀nà ara rẹ̀ ṣe. Ta ló wá fún wa láṣẹ láti sọ ohun tí Olúwa wa kọ̀ láti sọ?

Èmi náà ti ṣe é rí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí. Ọmọkùnrin kan wà tó ń lu dírọ́ọ̀mù fún wa. Mọ́tò gbá a, ọwọ́ rẹ̀ kán. Mo gbọ́ pé orin ayé ló kún fóònù rẹ̀, ni mo bá fi ṣe ìwàásù lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú POP lọ́wọ́. Ó dìde kó tó kan oore-ọ̀fẹ́. Kò padà wá mọ́. Lánàá mo pè é, mo tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, “Ẹ ṣé, sà. Mọ́tò yẹn ò ní búrèkì.”

Kò ní búrèkì! Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó béèrè nígbà yẹn. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ẹnì kan á ní, “Pásítọ̀, ṣé gbogbo orin ló dáa ni?” Rárá o. Orin tó ń bú obìnrin, èyí tó ń yin oníjìbìtì, kò gbọdọ̀ dún nílé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú orin la fi ń dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe jàǹbá tó ṣe ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀: kò yẹ kí n ki íápíìsì bọ etí méjèèjì lójú títì lálẹ́. Ìwà àìṣọ́ra nìyẹn, ì báà jẹ́ orin ìyìn ni mò ń gbọ́.

Gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀ṣì tiwa gan-an, ìdérí méjì ti fọ́ níbẹ̀ látọdún tó kọjá. Gbogbo wa là ń fò ó kọjá lọ ṣe ìṣọ́ òru. Lọ́jọ́ Sátidé, aago méje àárọ̀, kí ẹgbẹ́ ọkùnrin bá mi gbé sìmẹ́ǹtì, yanrìn àti ọ̀pá irin wá. A máa rọ ìdérí tuntun. Èmi ò lè gbé ṣọ́bìrì pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n màá jókòó tì yín.

Mo sì ti ní kí ọmọ yẹn wá. Bó bá wá, ẹ má bi í léèrè nǹkan kan. Ẹ kí i, kẹ́ ẹ fún un ní àga.

Àlàáfíà fún yín. Pásítọ̀ yín, láti Ayépé.