Ẹ Jẹ́ Kí A Ka Ẹyẹ ní Èdè Yorùbá



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, mo gbé fóònù mi lọ fún àtúnṣe ní Ọ̀tìgbà, ní Computer Village tó wà ní Ìkẹjà. Ibi tí mo dúró sí ni ọ̀wọ́ ẹyẹ funfun kan ti fò kọjá lókè orí wa. Mo bi ọmọ iṣẹ́ tó jókòó níbẹ̀ léèrè orúkọ wọn. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹyẹ ni wọ́n, sà." Ọmọ Yorùbá ni o! Kò mọ lékeléke, ẹyẹ tí àwa máa ń bẹ̀ ní kékeré pé kó fún wa ní èékánná funfun.

Lékeléke kì í gbé ọ̀dọ̀ wa yípo ọdún. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n ń ti Òkè Ọya bọ̀. Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, wọn a padà. Àkókò yìí kan náà ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń sá fún òtútù wá sọ́dọ̀ wa, tí àwọn ẹyẹ òkun sì ń gba etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí gúúsù. Ní Boje, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń sùn síbẹ̀ tó 1,500,000. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Ọ̀kẹ́ márùndínlọ́gọ́rin ni àwọn baba wa ìbá pè é.

Báwo ni a ṣe ń ka ẹyẹ tí kò dúró? A ó ka ogún, a ó wo bí àyè tí wọ́n gbà ti fẹ̀ tó, a ó sì fi wọn ìyókù: ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin. Ǹjẹ́ èyí ṣe àjèjì sí wa? Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ka owó ẹyọ láyé àtijọ́ títí yóò fi di ogún, ogún a sì di igba. N kò gbà pé iṣẹ́ òyìnbó ni kíka ẹyẹ.

Ọdún 2015 ni iṣẹ́ Nigerian Bird Atlas Project bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ń fi fóònù ṣe àkọsílẹ̀ ẹyẹ gbogbo tí wọ́n bá rí nínú àyè tó tó kìlómítà 9 ní òòró àti ní ìbú. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ kún Ọ̀tìgbà fọ́fọ́. Orúkọ ló ń wọ́n wa. Ẹnìkan lè ní orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ló yẹ kí a kọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí a kọ tiwa tì í. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹni tó mọ "ẹyẹ" nìkan kò ní fura lọ́jọ́ tí lékeléke kò bá wá mọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi àwọn apẹja Ìlàjẹ léèrè orúkọ àwọn ẹyẹ etí òkun, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Bí lékeléke bá dé lọ́dún yìí, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún ọmọdé kan, kí ẹ jọ kà á.

Ire o.