Omi Mímu Kì í Ṣe Àánú, Ara Owó Alágbàṣe Ni

  Ọ̀rọ̀ tòní lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n a ò lè gbé e mì.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú. Láti oṣù kejì títí òjò á fi fìdí múlẹ̀, oòrùn Òkè-Ògùn kì í ṣe oòrùn eré. Ní Ṣakí àti Ìgbòho, ooru ọ̀sán lè kọjá 35 lórí ìwọ̀n Celsius. Inú oòrùn yìí la ti ń rí alágbàṣe tó ń kọ ebè láti aago méje àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, tí kò sí ife omi kan lẹ́bàá oko. Tí a bá bi olóko pé omi dà, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Igba-igba ni mo ń sanwó ebè. Mi ò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kó lọ mu omi."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an la fẹ́ bá jà. Ẹni tí à ń ka ebè fún, gbogbo ìṣẹ́jú tó bá fi rìn lọ sí odò, owó ẹ̀ ló ń jò dànù. Kò sẹ́ni tó so ó mọ́lẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà tí a gbà ń sanwó fún un ti so ó. Ọ̀pọ̀ wọn jìnnà sílé, láti Benue tàbí láti Kútọnu, wọn ò sì ní bá yín jiyàn kí iṣẹ́ má baà bọ́. Nítorí náà, ẹni tó gbé iṣẹ́ fúnni ló yẹ kó gbé omi sún mọ́ iṣẹ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má rò pé àgbẹ̀ nìkan là ń bá wí. Àwọn tó ń já iṣu láti inú ọkọ̀ ní Bódìjà, àwọn alábàárù tó ń ru àpò lórí, àwọn obìnrin tó ń yan gàrí, tí iná ń jó wọn níwájú, tí oòrùn ń pa wọ́n lẹ́yìn, ta ló ń fún wọn lómi? Ẹ óò rà á fún oníbàárà kó lè rajà, ẹni tó ru ọjà náà á wá máa wò yín lẹ́nu.

Àwọn kan á ní, "Àwọn bàbá wa ò ṣe báyìí, wọn ò sì kú." Irọ́ ni o. Àwọn bàbá wa gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdájí ni wọ́n ń lọ sóko, akèrègbè omi ń bẹ léjìká wọn. Tí oòrùn bá kan àtàrí, wọ́n á wọ ahéré, ó di ìgbà tó bá rọlẹ̀ kí wọ́n tó tún gbé ọkọ́. Tí wọ́n bá sì bẹ ọ̀wẹ̀, olóko ló ń wá oúnjẹ àti ohun mímu fún gbogbo ẹni tó wá. Àṣà wa nìyẹn. Ìgbà tí owó wọ̀ ọ́ la sọ ọ́ nù.

Àwọn mìíràn á ní omi wọ́n. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àṣelàágùn nínú oòrùn yẹ kó máa mu ife kan, bíi ìdajì pure water, ní ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú. Fún wákàtí márùn-ún, kò ní tó lítà mẹ́rin. Tí alágbàṣe bá jẹ́ márùn-ún, kò tó lítà ogún. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 kan tí ẹ bá pọn omi kànga tó mọ́ sí ti ju iye yẹn lọ. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, àpò pure water méjì ni. Ṣé àpò méjì ni yóò wá ba èrè iṣu yín jẹ́?

Ẹ̀rí wa jọ̀ọ́, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi gbé oògùn apakoríko rí, ẹ má bu omi mímu sí i láé, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Èyí tó wá ń bí wa nínú jù ni àwọn tí kò ra omi, àmọ́ tí wọ́n ń ra paraga àti ògógóró fún alágbàṣe, pé agbára ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Òógùn ni ara fi ń tu ara ẹ̀ lára, omi inú ẹ̀jẹ̀ ló sì ń di òógùn. Tí omi yẹn bá ń lọ tí kò sí òmíràn tó ń wọlé, ọkàn á máa sáré, ara á máa gbóná, kíndìnrín á máa jìyà. Ọtí tún ń mú kéèyàn tọ omi tó kù dànù, kì í sì í jẹ́ kó mọ̀ pé ó ti ń rẹ òun.

Ní Nicaragua àti El Salvador, àrùn kíndìnrín ti pa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gé ìrèké. Iṣẹ́ àṣekára nínú ooru láìmu omi tó wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ń fura sí jù. Ní California ní Amẹ́ríkà, láti 2005 ni òfin ti sọ pé ẹni tó gba òṣìṣẹ́ oko gbọ́dọ̀ pèsè ibòji àti omi, bíi lítà kan fún ẹnì kan ní wákàtí kan. Àwa ò nílò kí ìjọba fi òfin mú wa ká tó ṣe ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe.

Ohun tí a ń bèèrè fún ò pọ̀:

1. Kí omi wà lẹ́bàá iṣẹ́ kí ọkọ́ tó kanlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa mu ún, kì í ṣe kí wọ́n da púpọ̀ sínú lẹ́ẹ̀kan náà.

2. Kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, kó dáwọ́ dúró tí oòrùn bá kan àtàrí. Kí wọ́n jẹun tó níyọ̀ kí wọ́n tó wọ oko, kí wọ́n dé àkẹtẹ̀, kí wọ́n wọ aṣọ fífẹ̀.

3. Kí iṣẹ́ ẹni tuntun kéré ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ara máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó mọ́ ooru.

Tí ẹnì kan bá wá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí ara ẹ̀ gbóná bí iná, ẹ má sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ má fún un ní oògùn ibà tàbí paracetamol, kò lè ran èyí. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ ọrùn ẹ̀, ẹ máa da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Tí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu.

Ẹ̀yin alágbàṣe, ẹ kọ́ láti bèèrè kí ẹ tó dá iye: "Omi ńkọ́?" Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ̀yin olóko àti oníṣòwò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bèèrè kí ẹ tó gbé e wá. Ìlera loògùn ọrọ̀, tiwọn àti tiyín. Ẹni tí ooru bá gbé ṣubú lónìí kò ní wà níbẹ̀ lọ́la láti bá yín wa iṣu.