Àrọ́bá Ni Baba Ìtàn: Àwọn Ìwé Tí Ó Yẹ Ní Kíkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Láyé àtijọ́, ẹnu arọ́kin ni ìwé ìtàn ìlú. Ní ààfin Ọ̀yọ́, iṣẹ́ ìran ni iṣẹ́ yìí: àwọn arọ́kin a máa ka orúkọ àwọn ọba tí ó ti wàjà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì máa sọ ohun tí ojú ìlú rí nígbà ayé oníkálukú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí arọ́kin tí kì í kú. Bí àgbà bá lọ láìsí ẹni tí ó bi í léèrè, ohun tí ó mọ̀ bá a wọlẹ̀ lọ ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìwé ìtàn tí a kọ dáadáa fi jẹ́ ogún fún gbogbo ìran.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ogún bẹ́ẹ̀ ṣe lè sọnù wẹ́rẹ́, kí ó gbọ́ ìtàn ìwé Samuel Johnson, The History of the Yorubas. Àlùfáà ni Johnson ní Ọ̀yọ́, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n rán níṣẹ́ àlàáfíà nígbà ogun Kírìjì. Ó bi àwọn arọ́kin léèrè, ó sì gbọ́ tẹnu àwọn àgbà Ìbàdàn bíi David Kúkọ̀mí. Ní ọdún 1897 ni ó parí iṣẹ́ náà. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀ ní ọdún 1899, ṣùgbọ́n ó sọnù síbẹ̀. Johnson papò dà ní ọdún 1901 láìfojú kan ìwé rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù jọ, tí ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní ọdún 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó gbé ìwé náà, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó di ọdún 1918 kí ìwé tó dé Lọ́ńdọ̀nù, ọdún 1921 ni ó sì tó jáde. Dókítà náà ti ṣaláìsí ní ọdún kan ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ṣe é, kò sí èyí tí ó rí i ní títẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Bí iṣẹ́ náà ti níyì tó, Ọ̀yọ́ ni ojú rẹ̀ wà jù. Kò sí òǹkọ̀wé kan tí ó lè rí ibi gbogbo tán. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí òǹkàwé fi ìwé tuntun kún un. Ọ̀kan pàtàkì ni The Yoruba: A New History, tí Akínwùmí Ògúndìran gbé jáde ní ọdún 2020. Awalẹ̀pìtàn ni, ó ti walẹ̀ ní Ẹdẹ-Ilé àti ní Òṣogbo. Ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀ dígí Ilé-Ifẹ̀, èdè àti àrọ́bá ni ó fi sọ ìtàn láti nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi títí dé ọdún 1840. Ibi tí ẹnu arọ́kin kò dé, ilẹ̀ sọ tirẹ̀.

Ní ti ìtàn ìgbésí ayé, Barracoon tí Zora Neale Hurston kọ kò ṣeé fi sílẹ̀. Kossola, ọmọ Bantè ní ilẹ̀ tí ó di Benin lónìí, ni ìwé náà dá lé. Àwọn ọmọ ogun Dahomey kó o lẹ́rú, ọkọ̀ Clotilda sì gbé e dé Alabama ní ọdún 1860, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀ láti ọdún 1808. Ó di òmìnira, ó bímọ mẹ́fà, gbogbo wọn ni ó sì ṣáájú rẹ̀ kú. Hurston jókòó tì í, ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Nígbà tí àwọn tí ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní kí ó tún ohùn baba náà ṣe, ó kọ̀ jálẹ̀. Iṣẹ́ tí ó parí ní ọdún 1931 kò jáde títí di ọdún 2018.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ lákòókò tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ìgbésí ayé ti di ohun tí wọ́n fi ń náwó fún olówó níbi ìkójáde ìwé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í rí àléébù kankan lára ẹni tí ó dá lé. Àṣà Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Oríkì ń yin ènìyàn, síbẹ̀ a máa mẹ́nu ba ìjà tí baba ńlá jà àti àṣìṣe tí ó ṣe, kí ọmọ lè gbọ́n. Ìwé tí kò bá lè sọ òótọ́ tó oríkì kò tíì di ìtàn.

Ohun kan tún kù tí ó ń dunni: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1911 ni I. B. Akínyẹlé, tí ó jẹ Olúbàdàn lẹ́yìn náà, ti fi èdè Yorùbá kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn. Ohun tí ó ṣeé ṣe nígbà náà kò gbọdọ̀ ṣòro nísinsìnyí. Kí olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ àgbà ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti kálàmù. Kí ó kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Kí àgbà pẹ̀lú má lé ọmọ tí ó ń béèrè ọ̀rọ̀ sẹ́yìn.

Ìwé tí ó sọnù ní ọdún 1899 rí àbúrò tí ó tún un kọ, nítorí pé àkọsílẹ̀ wà nílẹ̀. Àgbà tí ó bá lọ láìsọ̀rọ̀ kò fi ohunkóhun sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò fi tún un kọ.