Bí Ewé Bá Pẹ́ Lára Ọṣẹ

Ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ọṣẹ dúdú lọ́jà. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ọṣẹ á wọnú ewé, ewé á rọ̀, àwọn méjèèjì á jọ dúdú. Ẹni tó fẹ́ wẹ̀ kì í jókòó máa ṣa ewé kúrò. Gbogbo rẹ̀ ló ń bá kànìnkànìn lọ, gbogbo rẹ̀ ló sì ń hó. Ohun tí àwọn àgbà rí nìyẹn tí wọ́n fi ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò dọṣẹ. Àlejò tó pẹ́ nílé títí tó fi dọmọ ilé la sábà máa ń fi òwe yìí kí. Ọdún ni mo fẹ́ fi kí lónìí.

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Jos, tí oṣù Kejìlá wọlé, àríyànjiyàn kan náà ló ń jí láàárín Kristẹni: ṣé ọdún Kristi ni Kérésìmesì, àbí ọdún òrìṣà? Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í dá sí ọdún náà rárá; ìpàgọ́ làwọn ará Deeper Life ń kó lọ lásìkò ọ̀hún. Àwọn tó ń bèèrè kò sì jẹ̀bi. Ní 274, Késárì Aurelian ya tẹ́ńpìlì kan sí mímọ́ fún Oòrùn Aláìṣeéṣẹ́gun. Kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n ṣe ní Róòmù ní 354 kọ ọjọ́ ìbí Aláìṣeéṣẹ́gun yìí sí 25 oṣù Kejìlá. Ìwé kan náà ló kọ ìbí Kristi ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù sí ọjọ́ yẹn. Àwọn onímọ̀ kan ní ìṣirò ni Kristẹni fi débẹ̀, pé ẹni tí wọ́n lóyún rẹ̀ ní 25 oṣù Kẹta, oṣù Kejìlá ni wọn yóò bí i. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ìrẹsì Kérésì kì í bèèrè Aurelian.

Èyí tí kò ní iyèméjì nínú ni lẹ́tà tí Póòpù Gregory kọ ní 601 lórí iṣẹ́ ìyìn rere nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí wọ́n má wó ilé òrìṣà. Kí wọ́n fọ́ ère inú rẹ̀, kí wọ́n wọ́n omi mímọ́ síbẹ̀, kó di ilé Ọlọ́run. Màlúù tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi rúbọ, kí wọ́n máa pa á jẹ lọ́jọ́ àjọ̀dún, kí wọ́n fi dúpẹ́. Póòpù ló mọ̀ọ́mọ̀ pọ́n ọṣẹ yẹn, kò sì fi bò. Inú gbogbo Kristẹni kọ́ ló dùn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀: ní 1659, àwọn Puritan Massachusetts fi ìtanràn ṣílè 5 lé ẹni tó bá ṣe Kérésìmesì, 1681 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wo àyíká wa. Àwọn Berom ní ọdún Mandyeng, tí wọ́n fi ń kí òjò káàbọ̀ kí iṣẹ́ oko tó gbérasọ. Àwọn ará Riyom ní Nshok. Wọ́n pa irú ọdún bẹ́ẹ̀ pọ̀ di Nzem Berom, tó ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù Kẹrin, tòsí Ọdún Àjíǹde. Kristẹni ló pọ̀ jù nínú àwọn Berom, síbẹ̀ ẹ ó gbọ́ kí ẹnìkan tó ní igi Kérésì ní pálọ̀ máa pe ijó wọn ní ìbọ̀rìṣà. Àwa Yorùbá Jos náà kò sàn ju ẹni bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ ìkórè, a ó ru iṣu, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì wọ ilé ìjọsìn, a ó máa jó. Ẹ wá dárúkọ ọdún ìjẹṣu, kí ẹ wo bí ojú á ṣe yí padà! Bẹ́ẹ̀, irú ìkórè tí òyìnbó kó wá fún wa yìí, àlùfáà Robert Hawker ló gbé e kalẹ̀ ní Morwenstow, ní Cornwall, ní 1843.

Kì í ṣe gbogbo ewé la fi ń pọ́n ọṣẹ o. Gregory kò ní kí wọ́n dá ère sí, Kristẹni tó bá sì rí ẹbọ nínú Mandyeng lè kọ ẹbọ náà. Ṣùgbọ́n láti tẹ́ńpìlì Aurelian dé kàlẹ́ńdà 354, 80 ọdún péré ni. Ní ti àyíká wa níbí, àwọn míṣọ́nnárì Sudan United Mission dé Wase ní 1904. Iṣẹ́ wọn ló di ìjọ COCIN, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Jos níbí. Ó ti lé ní 120 ọdún. Ẹni tó gbà pé 80 ọdún tó fún ewé Róòmù láti dọṣẹ, tó wá ní ti Berom kò tíì pẹ́ tó, kì í ṣe ewé ló ń wò, ẹni tó já a ló ń wò.