Kí Dáàmù Má Di Ìdààmú

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Gbọ̀ngán, tí ó gba Àpòmù àti Ìkirè kọjá lọ sí Ìbàdàn, kò lè ṣàìrí omi ńlá tí ó tẹ́ rẹrẹ ní Aṣèjíre. Odò Ọ̀ṣun ni a sé níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi mu. Èrò ọkọ̀ a wo ẹwà rẹ̀, a sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ní tiwa, ìbéèrè kan ni omi náà máa ń gbé wá sí wa lọ́kàn nígbàkígbà tí òjò bá ń rọ̀ lemọ́lemọ́: ta ni ń ṣọ́ ìsédò, kí ni ó sì rí nígbà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn?

Kì í ṣe láti da jìnnìjìnnì bo ẹnikẹ́ni ni a ṣe mú ọ̀rọ̀ yìí wá, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé Aṣèjíre ní àbùkù kankan. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Máídúgùrì kò yẹ kí ó kọjá lójú wa bí àlá. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìsédò Alau, tí a fi ilẹ̀ mọ sójú odò Ngadda láàárín 1984 sí 1986, ya. Omi wọ ìlú lóru. Ó lé àwọn ènìyàn tí ó ju 400,000 lọ kúrò nílé, ẹ̀mí tí ó sì ṣòfò kò dín ní 30. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ díẹ̀ péré ṣáájú, àwọn aláṣẹ ti fi àwọn ará ìlú lọ́kàn balẹ̀ pé kò séwu.

Kí ni iṣẹ́ ìsédò nígbà ìkún omi? Ẹ jẹ́ kí a fi í wé ìkòkò ńlá tí a gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Bí ìkòkò bá ṣófo nígbà tí òjò dé, yóò gba omi sínú, àgbàlá kò sì ní kún. Bí ó bá ti kún tẹ́lẹ̀, gbogbo ohun tí ó bá tún kán sí i ni yóò dà sílẹ̀. Àyè tí ó ṣófo nínú ìsédò ni ó ń dá ìkún omi dúró, kì í ṣe omi tí ó wà nínú rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le: ẹni tí yóò mu omi fẹ́ kí ó kún kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, ẹni tí ń gbé ìsàlẹ̀ odò sì fẹ́ kí àyè wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn omi mú ni yóò ṣe ìdájọ́ láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ wo ìsédò Ọ̀yán ní agbègbè Abẹ́òkúta, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1983. Omi tí ó lè gbà tó kúbíìkì mítà mílíọ̀nù 270. Ó pọ̀ létí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí omi òjò ti ń ṣàn wá síbẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 9,000. Kí àwọn olùkọ́ ìṣirò bá wa ṣe é: bí omi tí ó jìn ní sẹ̀ntímítà 3 péré bá ṣàn wá láti orí gbogbo ilẹ̀ náà, mílíọ̀nù 270 pé gẹ́lẹ́. Ìsédò tí ó ṣófo ni a fi ṣe ìṣirò yìí o. Mélòó ni èyí tí ó ti kún dé ẹnu nínú oṣù Kẹsàn-án yóò gbà? Ìdí nìyí tí ọkàn àwọn ará Ìṣẹ́rí àti Kára, ní ìsàlẹ̀ Odò Ògùn, kì í fi balẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé a fẹ́ ṣílẹ̀kùn Ọ̀yán. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣí i lásìkò, ewu tí ó ju ìyẹn lọ ni a ń pè.

Nítorí pé ìsédò tí a fi ilẹ̀ mọ ní ọ̀tá méjì. Èkínní ni omi tí ó bá gba orí rẹ̀ kọjá. Omi náà á la ojú kékeré, ojú á di gọ́tà, gọ́tà á di àfonífojì, kí ilẹ̀ tó mọ́ gbogbo rẹ̀ ti wó. Nítorí èyí ni a fi ń ṣe ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀, kí omi tí ó bá pọ̀ jù lè rí ibi gbà láìfọwọ́ kan òkìtì ilẹ̀ náà. Èkejì ni omi tí ń yọ́ gba inú rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ihò òkété àti gbòǹgbò igi tí a jẹ́ kí ó dàgbà níbẹ̀ ni ẹnu tí ògiri yìí ń là. Bí omi tí ń sun ní ẹsẹ̀ ìsédò bá di pípọ́n, tí ó ru ẹrẹ̀, inú ìsédò gan-an ni ó ń kó jáde. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni ó wó ìsédò Teton ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1976, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bu omi kún un fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan náà, àwọn olówó kan tí wọ́n ni ìsédò South Fork fi àwọ̀n irin dí ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀ kí ẹja wọn má baà sá lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1889, òjò ńlá rọ̀, pàǹtírí dí àwọ̀n náà, omi gba orí ìsédò, ènìyàn 2,209 sì kú ní ìlú Johnstown àti agbègbè rẹ̀. Ẹja ni wọ́n ń ṣọ́, wọn kò ṣọ́ ènìyàn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ pé ilẹ̀ òkèèrè nìyẹn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tí ó rọ̀ ní Ìbàdàn fún wákàtí díẹ̀ mú kí odò kún kọjá ààlà, tí ẹ̀mí tí ó ju 100 lọ fi bá a lọ. Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yá mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé lẹ́yìn èyí, títún ìsédò Ẹlẹ́yẹlé, tí a ti mọ láti 1942, ṣe wà lára iṣẹ́ tí a fi owó náà ṣe. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a sin òkú tán ni a rántí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Nígbà tí a bá fẹ́ ṣí ìsédò tuntun, a ń lu ìlù, a ń gé rìbọ́nù, a sì ń kọ orúkọ gómìnà sára òkúta. Ta ni í lu ìlù nítorí pé a ro oko orí ìsédò, pé a fi gíríìsì pa ilẹ̀kùn omi, tàbí pé a kó pàǹtírí kúrò lójú ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀? Nítorí pé iṣẹ́ wọ̀nyí kò mú ìbò wá, a kì í rántí wọn nígbà tí a bá ń pín owó ọdún. Omi kì í sì í béèrè káàdì ẹgbẹ́ kí ó tó wọlé.

Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 kan náà, Ìjọba Àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ dìde láti yẹ àwọn ìsédò ilẹ̀ wa wò. A yìn wọ́n fún èyí. Ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún. Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí a máa yẹ ìsédò kọ̀ọ̀kan wò lọ́dọọdún kí òjò tó dé; kí owó ìtọ́jú rẹ̀ dá dúró nínú ìṣirò owó ìjọba; kí a máa ka àbájáde rẹ̀ ní èdè Yorùbá ní gbàgede ìlú; kí àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀ odò sì mọ ìró agogo tí yóò lé wọn kúrò, àti òkè tí wọn yóò sá lọ. Omi Aṣèjíre wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun. Kí ìpínlẹ̀ kan má ṣe rò pé èkejì ni yóò ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó ọmọ ilé ìwé jáde sí àgbàlá. Ẹ fi ilẹ̀ sé ojú àgbàrá kékeré kan, ẹ da omi títí yóò fi gba orí rẹ̀, kí ọmọdé fi ojú ara rẹ̀ rí bí ó ti ń wó. Ọmọ tí ó bá rí èyí lónìí ni yóò kọ̀ lọ́la láti kọ́lé sójú ọ̀nà omi, òun náà ni yóò sì bi aṣòfin rẹ̀ ní ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀: ta ni ń ṣọ́ ìsédò, kí ni ó sì rí? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ìlú tí ó bá fi ìdáhùn ìbéèrè yìí sílẹ̀ di ìgbà tí odò bá kún, omi ni yóò dá a lóhùn.