Ìgbọ̀nwọ́ Wáyà Kan

Bí okùn ìwọ̀ yín bá já, ẹ má tíì ju ìyókù rẹ̀ nù. Ẹ fà á wálé, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Èyí tí kókó rẹ̀ tú máa ń ká jọ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Èyí tó ha mọ́ òkúta máa ń rí ṣákaṣàka. Ṣùgbọ́n èyí tí eyín gé, ẹnu rẹ̀ á mọ́ tónítóní bí ẹni pé abẹ ló gé e. Mo ti di irú okùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rí létí odò Lea, nínú òtútù oṣù Kejìlá, tí mo ń wò ó bí ẹni tí wọ́n já àpò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọ̀ṣòdì. Owó gọbọi ni mo fi ra okùn náà. Ohun tí n kò rà ni wáyà.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń fi ọ̀pá pẹja ní Ìlú Ọba, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹja tó gé okùn mi lọ́jọ́ náà, páìkì ni, kì í sì í ṣe ẹja tí ẹnikẹ́ni ń fi ojú kékeré wò. Èyí tó tóbi jù nínú àkọsílẹ̀ wọn jáde láti adágún Chew Valley ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ó wọn pọ́n-ùn 47 àti áúnsì 5, ìyẹn lé ní kìlógíráàmù 21. Bí ẹ bá la ẹnu páìkì, ẹ ó rí àwọn eyín gígùn tó tò sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bí ìṣó. Àwọn yẹn hàn sójú. Òkè ẹnu lọ́hùn-ún ni ìjàǹbá wà: ọgọ́rọ̀ọ̀rún eyín wẹ́wẹ́ tó dojú kọ ọ̀nà ọ̀fun, bí igi ṣóńṣó tí wọ́n tò sẹ́nu ìgèrè. Ohun tó bá wọlé ráyè lọ síwájú, kò ráyè padà. Páìkì á gbá ẹja mú láàárín, á sáré gbé e lọ, á wá yí i padà lẹ́nu kó lè bẹ̀rẹ̀ láti orí gbé e mì. Ibi tó ti ń yí i yìí ni okùn yín ti ń kọjá lórí eyín.

Àwa oníbàárà ló ń tan ara wa jẹ lórí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí. A rí okùn híhun tí wọ́n kọ pọ́n-ùn 50 sí lára, a ní ta ni yóò já a? Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó máa fà á já. Agbára ìfà ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ eyín. Okùn tí wọ́n fi de màlúù mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá kò ní já bí màlúù bá ń tiraka, síbẹ̀ bí ọ̀bẹ alápatà bá ṣèèṣì kàn án, ó parí. Okùn híhun tínrín gan-an, fọ́nrán wẹ́wẹ́ ló sì para pọ̀ di òun. Eyín páìkì kan ṣoṣo tó o. Ọ̀rá lásán náà kò sàn jù ú lọ.

Ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ fluorocarbon lẹ́nu àwọn kan. Ọ̀rá líle kan ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú omi. Àwọn tó ń pa ẹja muskie ní Amẹ́ríkà, ìbátan páìkì tó jù ú lọ, ń lo èyí tó nípọn, tí agbára rẹ̀ tó pọ́n-ùn 80 sí 130. N kò bá wọn jà. Ìjẹ ayédèrú ńláńlá ni wọ́n ń fà nínú omi, ẹnu ìta ni ìwọ̀ sì sábà máa ń kọ́ ẹja wọn. Ṣùgbọ́n eyín lè gé èyí tó nípọn bẹ́ẹ̀ náà, ẹni tó bá sì fẹ́ fi ẹja òkú dẹ páìkì, tó wá gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rá, kò ṣàánú ẹja, kò sì ṣàánú ara rẹ̀.

Wáyà ni kí ẹ rà, kí ẹ so ó sáàárín okùn àti ìwọ̀. Èyí tó jẹ́ ẹyọ irin kan ṣoṣo tínrín, ó sì le, eyín kò ràn án. Àbùkù rẹ̀ ni pé bó bá ti ká kò lójú kan, ojú ibẹ̀ ti kú. Ẹ fi ọwọ́ nà án títí yóò fi tọ́, ẹ kàn ń tan ara yín ni. Èyí tí wọ́n lọ́ fọ́nrán 7 pọ̀ rọ̀ jù ú lọ, kò sì wọ́n. Ti fọ́nrán 49, ìyẹn ìdì 7 tí ìdì kọ̀ọ̀kan ní fọ́nrán 7, ló rọ̀ jù lọ. Òun ni mò ń lò fún ẹja òkú, torí bí páìkì bá fura pé nǹkan kan gan lẹ́nu òun, á tu ú dànù. Ti títáníọ̀mù kì í ká kò, kì í dípẹtà, owó rẹ̀ ni kò rọrùn. Bó bá sì ti gbó, ó lè já láìṣe àmì kankan ṣáájú. Àwọn kan tún wà tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Èmi ò fẹ́ràn wọn. Bí eyín bá ti dá ọ̀rá yẹn lu, omi á wọlé, irin á máa jẹrà lábẹ́ aṣọ tó dára.

Kí ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 45, torí ẹja yìí máa ń yíràá, okùn á sì máa wé mọ́ orí àti ìdérí ìjàgbọ̀n rẹ̀. Kí agbára wáyà tó pọ́n-ùn 30, ìyẹn bíi kìlógíráàmù 14, kó má sì dín sí ti okùn tí ẹ so ó mọ́. Ìwọ̀n yìí lèmi ń lò.

Ẹnu ìsopọ̀ ni ọ̀pọ̀ wáyà ti ń dalẹ̀. Mo ra méjì tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ rí ní ìsọ̀ kan tí n kò ní dárúkọ. Irin inú rẹ̀ dára, àmọ́ páìpù kékeré tí wọ́n fi dì í lẹ́nu tóbi ju wáyà lọ. Mo fi ẹ̀mú di ẹnu kan, mo fi ìkejì kọ́ ìṣó, mo fà á. Ó yọ bí ẹsẹ̀ tó yọ nínú bàtà ẹlòmíì. Ilé ló ti yọ, ọpẹ́ ni mo dá. Láti ọjọ́ náà, kò sí wáyà tí n kì í fà kó tó débi omi. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń ṣe é fúnra yín, ẹ ra páìpù tó bá wáyà náà mu, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi gé fọ́nrán inú rẹ̀.

Lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fa wáyà náà kọjá. Bí fọ́nrán kan bá gún yín lọ́wọ́, tàbí tí wáyà ti lọ́ bí okùn ẹ̀rọ tẹlifóònù àtijọ́, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́ nù, kí ó má baà wé mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Bóyá ó dùn yín pé ẹ̀ ń ju nǹkan tuntun nù. Ẹ fi owó wáyà kan wé owó ìjẹ ayédèrú tó so mọ́ ọn, kí ẹ wá sọ èyí tó yẹ kó dùn yín.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò: bí ẹja bá lọ, ó lọ, a ó pa òmíràn. Páìkì tó já okùn kì í dá lọ. Ó gbé ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta dání, nígbà mìíràn méjì, bí wọ́n bá sì há a lọ́fun, kò ní lè jẹun mọ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ jókòó kàwé lẹ́yìn tí ẹ bá ti ju Títù sómi. (Bẹ́ẹ̀ ni, Títù tí à ń fi jẹ ìrẹsì nílé, òun náà ni páìkì fẹ́ràn, ó mọ nǹkan gidi.) Gbàrà tí kọ́ọ̀kì bá ti rìn, ẹ fa ọ̀pá. Ẹ ní ẹ̀mú ẹlẹ́nu gígùn lọ́wọ́, àti èyí tó lè gé irin.

Ẹni tó bá sì ń ronú pẹ́pẹ́súùpù, kó rántí pé nínú àwọn odò England, páìkì kan ṣoṣo lẹ lè mú lọ lójúmọ́, kó má sì gùn ju sẹ̀ǹtímítà 65 lọ. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta dé ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, odò wà ní títì. Ìwé àṣẹ sì di dandan fún ẹnikẹ́ni tó ti pé ọmọ ọdún 13.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbé ọ̀pá yín lọ sílé fún ìsinmi, ọ̀rọ̀ wáyà yìí tún le ní ti yín. Odò Ọya, ní Jẹ́bà àti Kainji, ní ẹja tí Òyìnbó fi orúkọ ẹkùn pè, Hydrocynus. Eyín tirẹ̀ wọnú ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀, bó bá sì pa ẹnu dé pàápàá, ẹ ṣì ń rí wọn. Ní adágún Schroda ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn onímọ̀ rí i níbi tó ti ń fò jáde nínú omi, tó ń gbá alápàńdẹ̀dẹ̀ mú lójú òfuurufú. Wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde ní ọdún 2014. Ẹja tó ń mú ẹyẹ tó ń fò, ẹ fẹ́ fi ọ̀rá dè é?

Ní oṣù Kìíní tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, fa páìkì kan wálé tó gbẹ bí igi ìdáná. Nígbà tí a la ẹnu rẹ̀, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta kan wà lẹ́bàá ọ̀fun, ìpẹtà ti bò ó, ẹran ti ń wú yí i ká. Kì í ṣe tiwa. A tó ìṣẹ́jú méjì lórí rẹ̀ kó tó jáde, a sì dá ẹja náà padà sómi. "Dádì, ta ló ni ín?" Mi ò dá a lóhùn. Ìwọ̀ náà wà nínú agolo mílíìkì lórí fèrèsé ilé ìdáná wa. Ọ̀rá tó ṣẹ́ kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ, ojú ibi tó ti gé sì mọ́ tónítóní.